Èdè Púpọ̀ Kì í Ba Ọjà Jẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ̀ wọ́n lára débi pé àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá ti ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Wọ́n ní bí ènìyàn bá fẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà òun ṣiṣẹ́ dáradára, èdè kan ṣoṣo ni kí ó fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní ẹni tí ó bá da C pọ̀ mọ́ Fortran, tí ó tún wá fi C++ lé e, wàhálà ni ó fi owó ara rẹ̀ rà. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Mo gbà pé wàhálà wà, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nínú àròkọ yìí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi wò ó bóyá èdè ni ó fa wàhálà náà ní tòótọ́, tàbí àwa ni a kì í sọ àdéhùn kí a tó so iṣẹ́ pọ̀.

Àdúgbò Alabar ní Kumasi ni a ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà kí ẹ má ṣe bínú bí mo bá ń fa àpẹẹrẹ mi láti ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Lomé, tàbí Kútọnu, tàbí Ìbàdàn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí ẹ bá lọ sí Alabar ní òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ Twi, ẹ ó gbọ́ Hausa, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ Dagbani àti èdè àwọn Mọ́sí, nígbà mìíràn lórí àpò àlùbọ́sà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó kó ẹrù wá láti apá òkè lè má gbọ́ Twi rárá, ẹni tí yóò rà á sì lè má gbọ́ Hausa. Síbẹ̀ wọ́n ń rà, wọ́n ń tà. Ẹni tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní máígídá. Òun ni ó ń gba àlejò oníṣòwò sílé, tí ó ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, tí ó ń bá a wá oníbàárà, tí ó ń ṣe ògbufọ̀, tí ó sì ń dúró fún gbèsè. Polly Hill, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ òwò ilẹ̀ wa jinlẹ̀, kọ̀wé lórí ètò yìí ní 1966, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn alápatà Kumasi kún un. Máígídá kò ní kí gbogbo ayé kọ́kọ́ lọ kọ́ Twi kí wọ́n tó wá sọ́jà. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: irú ènìyàn wo ni ó ni ẹrù yìí, òṣùwọ̀n wo ni a óò fi wọ̀n ọ́n, ta ni yóò sanwó fún ẹni tí ó rù ú, ọjọ́ wo ni owó yóò wọlé? Bí wọ́n bá fi ọ̀kan pamọ́ fún un, ìjà yóò dé, a kò sì ní lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru èdè.

Orúkọ àdúgbò wa a máa pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí etí Yorùbá mi kò lè gbọ́ "Alabar" kí ó má rántí alábàárù, ẹni tí ń fi orí ru ẹrù ọlọ́jà. N kò sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá o. Ṣùgbọ́n máígídá àti alábàárù ni àwọn méjì tí a ní láti mọ̀ bí a bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ẹ̀rọ lọ. Ohun tí a bá kọ ní èdè C, tàbí C++, tàbí Fortran, kọ̀ǹpútà kò lè lò ó bí ó ti wà. Kọ̀ǹpáílà ni ó ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpáílà bá fi máa parí iṣẹ́ rẹ̀, èdè tí a fi kọ̀wé ti kọjá lọ: èdè ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn dà. Kókó yìí ni àwọn tí ń bẹ̀rù àdàlù èdè kì í rántí. Lẹ́yìn náà ni línkà yóò kó àwọn fáìlì náà jọ, yóò wo ibi tí fáìlì kan ti dárúkọ iṣẹ́ tí ó wà nínú òmíràn, yóò sì so ìpè mọ́ ẹni tí a pè. Línkà ni máígídá wa. Bí a bá wá ní kí ó so wọ́n di láíbìrì àjọlò, èyíinì ni fáìlì kan tí ọ̀pọ̀ ètò lè jọ máa lò láìjẹ́ pé olúkúlùkù wọn gbé ẹ̀dà tirẹ̀ sínú, nígbà náà iṣẹ́ kò tíì parí lọ́wọ́ línkà. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣí ètò náà ni lódà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá láíbìrì náà, tí yóò gbé e wá sí ibi tí a ti fẹ́ lò ó. Lódà ni alábàárù. Lórí Linux, tí mo ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń parí sí .so, lórí Windows DLL ni wọ́n ń pè é.

Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti di èdè ẹ̀rọ kan náà, kí ni ó tún kù tí ó lè fa ìjà? Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé mo kọ iṣẹ́ kékeré kan tí ń ro nọ́ńbà méjì pọ̀, mo sì sọ ọ́ ní apapo, láìfi àmì sí i. Kọ̀ǹpáílà C yóò kọ orúkọ náà sílẹ̀ bí ó ti wà, apapo. Gfortran, kọ̀ǹpáílà Fortran ti GNU, yóò fi ìlà kan sí ìdí rẹ̀: apapo_. Ti C++ ni ó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Èdè yìí gbà kí iṣẹ́ méjì jẹ́ orúkọ kan náà bí ohun tí a fi ń rán wọn bá yàtọ̀, nítorí náà ó ní láti fi irú ohun náà kún orúkọ, yóò sì kọ ọ́ ní _Z5apapoii. Márùn-ún ni iye lẹ́tà tí ó wà nínú orúkọ náà. I méjì tí ó kẹ́yìn ń sọ pé odidi nọ́ńbà méjì ni a óò fi rán an. Ẹni kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ilé tí wọ́n ti mọ bàbá kan sí Alhaji, tí ẹ wá ń béèrè Àkànní, àwọn ọmọdé ilé yóò ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Línkà kò sì gbọ́n ju àwọn ọmọdé náà lọ. Orúkọ tí a kọ fún un gan-an ni ó ń wá.

Oògùn rẹ̀ kò le. Nínú C++ a ó kọ extern "C" sí iwájú iṣẹ́ tí àlejò yóò pè, nínú Fortran a ó kọ bind(C), èyí tí ó wọ inú òfin èdè náà láti Fortran 2003. Ohun tí a sọ ni pé, lẹ́nu ọ̀nà yìí, orúkọ ti C ni kí a máa lò. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò sọ pé kí Fortran di C. Nínú ilé rẹ̀, èdè tirẹ̀ ni ó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Yorùbá àti Mọ́sí ṣe máa ń fi Hausa bá ara wọn nájà ní Alabar, tí oníkálukú yóò sì padà sílé lọ fi èdè ìyá rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí.

Àwọn tí wọ́n ní kí a fi èdè kan ṣoṣo kọ ohun gbogbo, mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ iye ìmọ̀ tí wọ́n ní kí a dà nù. Láti 1957 ni Fortran ti jáde láti ilé-iṣẹ́ IBM, lábẹ́ John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. LAPACK, àkójọ iṣẹ́ ìṣirò tí ó jáde ní 1992, Fortran ni wọ́n fi kọ ọ́. R, tí àwọn olùkọ́ ìṣirò wa fẹ́ràn, tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman dá sílẹ̀ ní New Zealand, ó ní C nínú, ó ní Fortran nínú, ó sì tún ní èdè R fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti ń tún Fortran àtijọ́ kọ ní èdè mìíràn díẹ̀díẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Wọ́n ní àkókò, wọ́n ní ènìyàn, wọ́n sì ní ọgbọ́n láti fi àtijọ́ wé titun kí wọ́n rí i pé ìdáhùn kò yí padà. Olùkọ́ kan tí ó ní kíláàsì mẹ́fà àti kọ̀ǹpútà mẹ́jọ kò ní èyíkéyìí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ nìyẹn, ó sì rọrùn, nítorí pé bí orúkọ kò bá bára mu, ẹ̀rọ yóò pariwo. Èyí tí ó burú ni àdéhùn tí kò ní ariwo. Fortran a máa fi àdírẹ́sì nọ́ńbà ránṣẹ́ níbi tí C yóò ti fi nọ́ńbà náà gan-an ránṣẹ́. Fortran a máa to tábìlì nọ́ńbà sílẹ̀ ní òòró, C a máa tò ó ní ìbú, débi pé máàkì àwọn ọmọ lè bọ́ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹ̀rọ sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yé ni jù nínú gbogbo wọn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2019.

Nígbà tí Fortran bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan rán iṣẹ́, kì í fi àwọn lẹ́tà náà nìkan ránṣẹ́. A máa fi iye wọn tẹ̀ lé wọn, ní ìkọ̀kọ̀, ní ìparí gbogbo ẹrù. Ẹni tí ń kọ Fortran kì í rí i. Ẹni tí ó bá ti inú C pe iṣẹ́ Fortran ni ó yẹ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye náà jáde. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ LAPACK a máa gba lẹ́tà kan péré, bí N tàbí T, láti mọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Àwọn tí ń kọ C sì ṣàkíyèsí pé bí àwọn kò bá fi iye náà ránṣẹ́, ohunkóhun kò ṣe, nítorí pé iṣẹ́ náà kì í wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, R náà sì wà lára àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí gfortran titun bẹ̀rẹ̀ sí lo ààyè tí ó yẹ kí iye náà wà fún nǹkan mìíràn. Ó gbàgbọ́ pé ẹni tí ó pe òun ti pèsè ààyè náà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pèsè rẹ̀. Orí ohun ìní ẹlòmíràn ni ó ń kọ nǹkan lé, ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí wó. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn tí ń ṣe gfortran fi ìdẹ̀ra kan sí i láti gba àwọn ètò àtijọ́ là, àwọn tí ń ṣe R sì ní kí ẹni tí ń ti C pe Fortran máa fi iye lẹ́tà náà ránṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn kan bú Fortran nígbà náà, àwọn kan bú kọ̀ǹpáílà. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ èdè kankan níbẹ̀. Àdéhùn wà, a kò pa á mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí ilé fi wó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ibi tí a ti ń kọ́ ètò ni kí àléébù ti fara hàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó. Ẹ óò sì yà lẹ́nu láti gbọ́ pé irinṣẹ́ wa kì í ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí bí a kò bá bẹ̀ ẹ́. Bí línkà Linux bá ń kọ́ ètò tí a óò ṣí gan-an, tí ó wá orúkọ kan tì, yóò kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọ́ láíbìrì àjọlò, tí orúkọ kan sì sọnù, yóò dákẹ́, yóò sì parí iṣẹ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dára. Èrò rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn yóò mú orúkọ náà wá nígbà tí ó bá yá. Ìdí pàtàkì wà fún èyí, nítorí àwọn láíbìrì kan wà, bí irú èyí tí a ń kọ́ fún Python, tí inú Python fúnra rẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń wá wà. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ bí irú tiwa, ìdákẹ́jẹ́ yìí kò dára. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni a óò fi kún àṣẹ náà, -Wl,--no-undefined, línkà yóò sì máa pariwo nígbà tí ó yẹ. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Meson a máa fi í sí i fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a béèrè. Mo yìn ín fún èyí.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan wà tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá ṣe iṣẹ́ ìsìn ilẹ̀ baba rẹ̀ níbẹ̀ kọ ètò kan fún wọn tí ń ro máàkì àwọn ọmọ, tí ń to ipò wọn, tí ó sì ń fi ìṣirò wò ó bóyá ìdánwò kan le ju òmíràn lọ. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ó fi C++ kọ ojú rẹ̀, ó sì lo iṣẹ́ Fortran àtijọ́ fún ìṣirò, èyí tí ó bọ́gbọ́n mu. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi lò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà titun, wọ́n da ètò náà kọ sórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí èsì yóò jáde, wọ́n ṣí i, ẹ̀rọ sì dáhùn pé òun kò rí fáìlì kan tí ń jẹ́ libgfortran.so.3. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn olùkọ́ fi ọwọ́ ro máàkì ọmọ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ lo èsì náà láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn dúró, ọjọ́ sì kọjá lórí àwọn kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá lẹ́nu àwọn olùkọ́ náà nígbà tí wọ́n ké sí mi ni pé èdè méjì tí ọmọ náà dà pọ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí a bá fi gfortran kọ́ máa ń fẹ́ láíbìrì kan tí ń bá a ka fáìlì, tí ń bá a kọ nọ́ńbà jáde, àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. GCC 6 àti púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ń lo ẹ̀dà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3. Ti GCC 7 jẹ́ 4. Láti GCC 8 síwájú ó di 5. Ẹ̀dà 5 ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà titun náà. Bí alábàárù bá gba ìwé tí a kọ ọ̀nà ilé kẹta sí, kò ní gbé ẹrù lọ sí ilé karùn-ún nítorí pé àwọn onílé jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ ldd, tí ń ka gbogbo láíbìrì tí ètò kan gbẹ́kẹ̀ lé jáde. Ìṣẹ́jú kan ni ó gbà mí láti fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti tún ètò náà kọ́ lórí ẹ̀rọ titun gbà wá ní ọjọ́ méjì, nítorí pé kóòdù rẹ̀ wà lórí dísìkì àtijọ́, àmọ́ kò sí ìwé kankan tí ó sọ bí a ti ń kọ́ ọ: fáìlì wo ni ó ṣáájú, kọ̀ǹpáílà wo ni ó so wọ́n pọ̀, láíbìrì wo ni a fi kún un. Orí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni gbogbo rẹ̀ wà, ó sì ti parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Bí mo ti jókòó níwájú ẹ̀rọ náà ni mo rántí ohun tí àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ nípa 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà tàbí kí ó kúrò ní Gánà láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń ṣòwò ní Kumasi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ìlọrin, àwọn tí a bí níbẹ̀ pàápàá, kó ẹrù tí wọ́n lè kó, wọ́n sì lọ. Orúkọ oníbàárà ṣì wà nínú ìwé gbèsè, ẹni tí yóò gba owó náà kò sí mọ́. Oníbàárà mú owó wá, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. N kò fi ìyà àwọn baba wa wé ìdààmú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjà tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò sí nínú ìwé kankan kì í mọ bí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé e tó, àfi ọjọ́ tí kò bá rí i mọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a má ṣe lo láíbìrì àjọlò rárá, kí ètò kọ̀ọ̀kan gbé ohun gbogbo sínú ara rẹ̀. Ó ní ìgbà tí ó dára. Ṣùgbọ́n ètò náà yóò wúwo, bí a bá sì rí àléébù nínú láíbìrì náà, gbogbo ètò tí ó gbé e mì ni a ní láti tún kọ́, kí a sì tún fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó àpò yín ra dátà mọ ohun tí mo ń wí.

Ohun tí a nílò ni ìwé ìlànà, tí irinṣẹ́ lè kà, tí ènìyàn náà sì lè kà. Láti 1976 ni Stuart Feldman ti ṣe make ní Bell Labs, make sì ń ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ní kí ó fi kọ̀ǹpáílà C so fáìlì C++ pọ̀, yóò ṣe é, láíbìrì C++ yóò sì sọnù lójú ọ̀nà. Automake gbìyànjú láti fi ìdí orúkọ fáìlì mọ kọ̀ǹpáílà tí yóò so wọ́n pọ̀. Nígbà mìíràn, bí C++ bá fara pamọ́ sínú láíbìrì kékeré tí a ti kọ́ sílẹ̀, kò ní rí i, ìwé ìtọ́ni Automake fúnra rẹ̀ sì kọ́ wa pé kí a dárúkọ fáìlì C++ kan tí kò sí rárá, kí ó lè yan línkà ti C++. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé owó oṣù rí. Ti Automake nìkan ni mo mọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ tòótọ́.

CMake, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ni mo fi tún ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kọ́, ìlà rẹ̀ kò sì tó ogún. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni project(esi LANGUAGES C CXX Fortran). Gbólóhùn yẹn ni máígídá ń fẹ́ gbọ́. Nígbà tí a bá ti kà á fún CMake báyìí, tí a sì kọ add_library(esi SHARED ...) pẹ̀lú orúkọ àwọn fáìlì, òun fúnra rẹ̀ yóò yan kọ̀ǹpáílà tí ó yẹ kí ó so wọ́n, yóò fi láíbìrì èdè yòókù kún un, yóò sì sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kí ó kọ́ ọ lọ́nà tí lódà fi lè gbé e sí ibikíbi tí ó bá wù ú, èyí tí a ń fi -fPIC béèrè bí a bá ń fi ọwọ́ kọ àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: bí a bá gbàgbé Fortran nínú àkójọ náà, CMake kò ní bá wa jà. Yóò wo fáìlì .f90 wa, yóò kọjá lára rẹ̀ láìkọ́ ọ, orúkọ yóò sì sọnù. Bí gbogbo fáìlì inú láíbìrì náà bá jẹ́ ti èdè tí a kò dárúkọ, nígbà náà ni yóò tó sọ pé òun kò mọ èdè tí òun yóò fi so ó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti rí ìdáhùn yẹn, tí wọ́n sì kà á sí pé ẹ̀rọ kò fẹ́ èdè wọn. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ni.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ fún ọ̀rọ̀ mi ni SciPy, àkójọ iṣẹ́ ìṣirò fún Python. Ní 2022, pẹ̀lú ẹ̀dà 1.9.0, wọ́n kó gbogbo rẹ̀, Python, C, C++ àti Fortran, kúrò lórí irinṣẹ́ àtijọ́ lọ sórí Meson. Ohun tí ó sún wọn ṣe é ni pé irinṣẹ́ tí àtijọ́ náà dúró lé, distutils, ń kúrò nínú Python; ó sì kúrò lóòótọ́ ní 2023 nígbà tí Python 3.12 jáde. Wọn kò sọ pé nítorí bẹ́ẹ̀ kí èdè di ọ̀kan. Ìwé ìlànà ni wọ́n tún kọ.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ó wọ inú ohun tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé àkókò kò tó, kọ̀ǹpútà kò tó, àti pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kò nílò láti mọ ohun tí ń jẹ́ línkà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí èsì wọn pẹ́ kò lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà GNU fún èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ tí mo ń béèrè kò ju ọgọ́ta ìlà lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà jókòó pọ̀, kí ọ̀kan kọ Fortran, kí ọ̀kan kọ C, kí ọ̀kan kọ C++, kí ẹnì kẹrin má kọ nǹkan kan bí kò ṣe ìwé ìlànà tí yóò so tiwọn di láíbìrì àjọlò kan. Orí ẹ̀rọ tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó ti fọwọ́ kàn án rí ni a óò ti kọ́ ọ. Ẹnì kẹrin yẹn ni mo fẹ́ kí a fún ní máàkì tí ó pọ̀ jù.

A ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà, fún ẹni tí ó bá fẹ́, yálà ó wà nínú kíláàsì mi tàbí kò sí. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ gbé e wá, pàápàá bí ó bá ti gbó, nítorí orí irú rẹ̀ ni a óò ti dán iṣẹ́ àwọn yòókù wò.